Ẹni Tó Di Mọ́ọ̀pù Mú Ni Kí Ẹ Bá Sọ̀rọ̀

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, lẹ́yìn tí òjò ti rọ̀ mọ́jú, tí ẹrẹ̀ pupa sì ti tẹ̀lé bàtà àwọn aláìsàn wọ inú ilé ìwòsàn wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo jókòó sẹ́yìn tábìlì tí mo ti ń gbowó, mo ń wo obìnrin tí ilé-iṣẹ́ agbálẹ̀ fi ránṣẹ́ sí wa. Ó jáde láti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ pẹ̀lú mọ́ọ̀pù lọ́wọ́, ó rì í bọ inú korobá kan ṣoṣo tó ní, omi inú korobá náà sì ti dúdú bí omi aró. Ó fún un, ó yí ọwọ́ ìlẹ̀kùn yàrá tí a ti ń wẹ egbò, ó wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu ilẹ̀. Òórùn Izal gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàbá àgbà kan tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì fa òórùn náà símú, wọ́n ní, "Ilé ìwòsàn yín mọ́ o, ẹ kú iṣẹ́." Mo ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá." Ojú tì mí débi pé n kò lè gbé orí sókè.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni dókítà tó ni ilé ìwòsàn náà; èmi ni mo ń bójú tó owó, òṣìṣẹ́ àti gbogbo ohun tí kì í ṣe oògùn. Ibùsùn mẹ́jọ péré ni a ní, pẹ̀lú yàrá ìgbẹ̀bí kan àti yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju ilé ìdáná lọ. Ọmọ àbúrò ìyá mi kan tó fẹ́ ṣí ilé ìtọ́jú eyín sí Ṣàgámù ló bi mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé ilé-iṣẹ́ ìmọ́tótó wo ni kí òun gbé iṣẹ́ fún. N kò dárúkọ ilé-iṣẹ́ kankan fún un, torí pé ẹni tó bá mi lára mu ní Ìjẹ̀bú-Òde lè má bá a lára mu ní Rẹ́mọ. Ohun tí mo rò fún un ni bí mo ṣe ṣìnà lákọ̀ọ́kọ́ àti bí mo ṣe yan àwọn tó wà lọ́dọ̀ wa báyìí, òun náà ni mo sì fẹ́ kọ síbí.

Imú ni mo fi yan ilé-iṣẹ́ àkọ́kọ́ yẹn, ojú sì ràn án lọ́wọ́. Wọ́n ti ń tọ́jú gbọ̀ngàn ìnáwó kan àti ilé ìfowópamọ́ kan, ilẹ̀ ibẹ̀ ń dán, òórùn ibẹ̀ ń ta sánsán, mo sì gbà pé ẹni tó lè mú ilé ìfowópamọ́ dán yóò mú tiwa náà dán. Àmọ́ eruku àti ipasẹ̀ bàtà ni ìdọ̀tí ilé ìfowópamọ́. Tiwa jẹ́ ẹ̀jẹ̀, èébì, ọyún àti itọ́, èyí tó sì léwu jù lọ nínú wọn ni èyí tí ojú kò rí mọ́. Kòkòrò àrùn mẹ́dọ̀wú oríṣi B (hepatitis B), tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, lè wà láàyè nínú ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ sára nǹkan fún ọjọ́ méje, ó kéré tán. Bí mọ́ọ̀pù bá gbé e láti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ sí yàrá egbò, kò sí òórùn dídùn tó lè dá a dúró lọ́nà.

Ọ̀rọ̀ pé èèyàn fúnra rẹ̀ ló ń fi ọwọ́ àti irinṣẹ́ rẹ̀ kó àrùn kiri kì í ṣe tuntun. Ní ilé ìwòsàn kan ní ìlú Vienna, ní ọdún 1847, dókítà kan tó ń jẹ́ Ignaz Semmelweis ṣàkíyèsí pé àwọn dókítà tó ń ti yàrá òkú bọ̀ wá gbẹ̀bí ni àwọn ìyálọ́mọ wọn ń kú jù. Ó ní kí gbogbo wọn máa fi omi tí a po kiloríìnì mọ́ fọ ọwọ́, ikú àwọn ìyálọ́mọ náà sì já wálẹ̀ gan-an. Ìbátan omi ọjọ́ yẹn náà ni jíìkì tí à ń rà lọ́jà lónìí, mo sì ń bọ̀ wá sórí rẹ̀.

Síbẹ̀, mọ́ọ̀pù kọ́ ló jẹ́ kí n fopin sí àdéhùn wa pẹ̀lú wọn. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù méjì, ilé-iṣẹ́ náà pààrọ̀ obìnrin yẹn, wọ́n rán ọmọbìnrin kan wá tí kò tíì ju ọmọ ogún ọdún lọ. Ó ń fi ọwọ́ tẹ ìdọ̀tí mọ́lẹ̀ nínú ọ̀rá dúdú kí ó lè gba púpọ̀ sí i, ni abẹ́rẹ́ kan bá gún un ní àtàǹpàkò, ó la ìbọ̀wọ́ rẹ̀ tó fẹ́lẹ́ já. Ẹ̀bi wa wà níbẹ̀, n kò ní fi pamọ́: nọ́ọ̀sì tiwa ló sọ abẹ́rẹ́ sí ibi tí kò yẹ. Ẹ̀gbọ́n mi fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn wẹ ojú ibẹ̀, ó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò, ó sì bẹ̀rẹ̀ oògùn tó ń dènà kòkòrò HIV fún un lọ́jọ́ náà, torí pé kò gbọdọ̀ ju wákàtí 72 lọ kí èèyàn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọjọ́ 28 ni a sì fi ń lò ó. Lẹ́yìn náà ló bi í bóyá ó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára mẹ́dọ̀wú rí. Ọmọ náà ní òun kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, tí abẹ́rẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ alárùn náà wà lára rẹ̀ bá gún ẹni tí kò gba àjẹsára, ewu rẹ̀ lè tó ìdá 30 nínú 100, nígbà tí ti HIV kò ju bíi mẹ́ta nínú 1000 lọ. HIV ni ọmọ náà ń sunkún lé lórí. Èkejì tó rọrùn láti kó jù ú lọ, kò mọ orúkọ rẹ̀.

Mo pe ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà lórí fóònù. Ó ní, "Ẹ má ṣèyọnu, Mà, a ó fi ẹlòmíì ránṣẹ́ sí yín lọ́la." N kò béèrè ẹlòmíì lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí oṣù parí, mo san owó wọn, mo sì gba kọ́kọ́rọ́ wa padà. Àyẹ̀wò tí ẹ̀gbọ́n mi tún ṣe fún ọmọ náà lẹ́yìn oṣù mélòó kan fi hàn pé kò kó nǹkan kan, a dúpẹ́.

Ilé-iṣẹ́ mẹ́ta ni mo pè lẹ́yìn ìyẹn. Ọ̀gá àkọ́kọ́ wá pẹ̀lú kóòtù àti kọ̀ǹpútà àgbéká, ó fi àwòrán àwọn ilé tí ilẹ̀ wọn ń dán bíi dígí hàn mí. Ìbéèrè yòówù kí n bi í, fífín oògùn ni ìdáhùn rẹ̀: ó ní òun ní ẹ̀rọ kan tó ń tú oògùn jáde bí èéfín, pé lẹ́ẹ̀kan lóṣù ni òun yóò máa fi fín gbogbo yàrá, kòkòrò kankan kò sì ní ṣẹ́kù. Láti ọdún 2020 tí Kòrónà dé, tí ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n rí i lára rẹ̀ ní Nàìjíríà sì ti dé ìpínlẹ̀ Ògùn wa yìí kí àyẹ̀wò tó mú un, ni irú àwọn ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti ń hù bí olú. Àmọ́ ní oṣù Karùn-ún ọdún yẹn kan náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ pé fífín oògùn káàkiri inú ilé kì í ṣe ọ̀nà tí ó yẹ kí a fi máa pa kòkòrò Kòrónà lára nǹkan, torí pé oògùn náà kì í ràn níbi tí ìdọ̀tí bá bò, ó sì lè pa ojú àti ẹ̀dọ̀fóró èèyàn lára. Aṣọ ìnulẹ̀, omi, ọṣẹ àti agbára ọwọ́ ni iṣẹ́ náà ń fẹ́. Nígbà tí mo ní kí ó jẹ́ kí n rí ẹni tí yóò máa wá ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wa, ó ní àwọn kò tíì gba onítọ̀hún, pé tí a bá ti fọwọ́ sí ìwé ni àwọn yóò wá a. Mo sin ín dé ẹnu ọ̀nà.

Ti ẹnì kejì dùn mọ́ mi nínú fún bí ìdajì wákàtí. Òṣìṣẹ́ méjì, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, tòun ti ọṣẹ àti jíìkì, ₦90,000 lóṣù. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, a kì í bá owó tó dínkù jà. Ìgbà tí mo mú bírò ni ojú mi là. Láti ọdún 2024 ni owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin ilẹ̀ wa là sílẹ̀ ti di ₦70,000, òṣìṣẹ́ méjì ti gba ₦140,000 nìyẹn kí a tó ra ọṣẹ ẹyọ kan. Ẹni tó bá ní òun yóò ṣe é ní ₦90,000 yóò ti rí ibì kan tí yóò ti gé e: yóò gé e lára owó àwọn òṣìṣẹ́, wọn yóò sì máa lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta kí wọ́n tó mọ iṣẹ́; yóò gé e lára ìbọ̀wọ́, wọn yóò máa fọ èyí tó yẹ kí wọ́n sọ nù; tàbí kí ó bu omi sí jíìkì títí yóò fi ku òórùn nìkan.

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni obìnrin tó ni ilé-iṣẹ́ kẹta, òun nìkan ló sì mú òṣìṣẹ́ rẹ̀ dání: ìyá kan tó ti lé ní ogójì ọdún, tó wọ bàtà òjò, tí kò sọ̀rọ̀ ju "Ẹ káàárọ̀, Mà" lọ. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, mo mú ìyá náà lọ sí yàrá ìgbẹ̀bí, mo gbé ike jíìkì kan, korobá méjì àti ife kan síwájú rẹ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Mà, ká ní ẹ̀jẹ̀ dà sílẹ̀ níbí yìí, báwo lẹ ó ṣe ṣe é?"

Kò fọwọ́ kan korobá. Ó kọ́kọ́ yí ike jíìkì náà, ó ń wá ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Ó ní, "Ìdá mẹ́ta àbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún ni kiloríìnì inú èyí. Ife kan, omi ife mẹ́fà. Ká ní ìdá márùn-ún ni, omi ife mẹ́sàn-án ni ǹ bá bù sí i." Mo ṣírò rẹ̀ lọ́kàn: 3.5 tí a pín sí ife méje jẹ́ 0.5, iye náà gan-an tí wọ́n ní kí a lò níbi tí ẹ̀jẹ̀ bá dà sí. Ó ní òun yóò wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn, òun yóò fi bébà fa ẹ̀jẹ̀ náà, òun yóò sì sọ bébà náà sínú ọ̀rá yẹ́lò. Ọṣẹ àti omi ni òun yóò fi fọ ojú ibẹ̀ kí òun tó da omi jíìkì sí i. Mo bi í pé kí ló dé tí kò kàn da jíìkì lé ẹ̀jẹ̀ náà lórí tààrà. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìdọ̀tí ni yóò jẹ agbára rẹ̀ tán, Mà. Kò ní ku nǹkan kan fún kòkòrò." Lẹ́yìn náà ó ní òun yóò dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí òun tó nù ún kúrò.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn ni mo fi gbà á. Ẹni tó da oògùn tó sì nù ún lójú ẹsẹ̀, omi ló fi ṣòfò, torí pé kiloríìnì ń fẹ́ àkókò kí ó tó pa ohun tó fẹ́ pa. Mo tún bi í nípa èyí tí a pò lánàá, ó ní òun máa ń dà á nù, pé ojoojúmọ́ ni a ń po tuntun. Mo bi í nípa oògùn fífọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó mi orí gidigidi pé jíìkì àti òun kò gbọdọ̀ pàdé láéláé, pé afẹ́fẹ́ tó ń jáde nínú rẹ̀ ti ká òun mọ́ inú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan rí, òun sì wúkọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Òótọ́ ló sọ: ásíìdì inú oògùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ máa ń tú afẹ́fẹ́ kiloríìnì sílẹ̀ lára jíìkì, afẹ́fẹ́ náà sì lè pa èèyàn. Nítorí ìyá yìí náà ni n kò fi ra jíìkì tí wọ́n ń rọ sínú ike tí kò ní àkọlé ní ọjà Òkè-Ajé mọ́. Ẹni tí kò mọ ìdá tó wà nínú rẹ̀, kò lè mọ iye omi tí yóò bù sí i.

Ẹ má rò pé gbogbo ilẹ̀ ló ń fẹ́ jíìkì o. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ lásán, ọṣẹ àti omi tó mọ́ tó o, bí a bá ń pààrọ̀ omi náà. Ibi tí ọwọ́ èèyàn ń kàn ló ń fẹ́ ìtọ́jú jù: ọwọ́ ìlẹ̀kùn, súìsì iná, ẹnu ẹ̀rọ omi, irin ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Ọ̀rọ̀ mọ́ọ̀pù náà kò sì le. Ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọ̀ ni wọ́n fi ń ya irinṣẹ́ sọ́tọ̀: pupa fún ilé ìgbọ̀nsẹ̀, búlúù fún ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti wọ́ọ̀dù, àwọ̀ ewé fún ilé ìdáná, yẹ́lò fún yàrá àwọn tí a yà sọ́tọ̀ nítorí àrùn. A kò rí mọ́ọ̀pù aláwọ̀ rà, nítorí náà a so àjákù aṣọ aláwọ̀ mọ́ ọrùn igi wọn. Àjákù búlúù yẹn, ara aṣọ ẹbí ìgbéyàwó mi ni mo ti gé e.

Ní ti ìdọ̀tí, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú gbogbo ohun tí ilé ìwòsàn ń kó dànù, bí ìdá 85 nínú 100 ni kò yàtọ̀ sí ìdọ̀tí inú ilé. Ìdá 15 tó kù ni ewu wà nínú rẹ̀. Bí a bá dà wọ́n pọ̀, gbogbo rẹ̀ di ewu. Ọ̀rá dúdú fún ti ilé lásán, yẹ́lò fún ohun tí ẹ̀jẹ̀ tàbí ọyún kàn, àpótí líle fún abẹ́rẹ́ àti abẹ, a ó sì dé àpótí náà pa nígbà tí ó bá kún dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Àwọn nọ́ọ̀sì wa ni mo kọ́kọ́ pè jókòó lórí èyí, kì í ṣe agbálẹ̀, torí pé ọwọ́ wọn ni abẹ́rẹ́ ti ń kúrò. Mo sì ti bi ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan pé níbo ni ọ̀rá yẹ́lò ń lọ tó bá kúrò lọ́dọ̀ wa. Ẹnì kejì tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ti ní òun yóò máa sun ún lẹ́yìn ilé wa. Lẹ́yìn ilé wa ni obìnrin kan ti ń yan gààrí.

Obìnrin kẹta yìí kó káàdì àjẹsára àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ jáde kí n tó béèrè. Ìgbà mẹ́ta ni a ń gba ti mẹ́dọ̀wú, ìkejì lẹ́yìn oṣù kan, ìkẹta lẹ́yìn oṣù mẹ́fà sí ti àkọ́kọ́. Méjì nínú wọn kò tíì gba ìkẹta, ó sì sọ ọjọ́ tí wọn yóò gbà á fún mi. Owó iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ₦195,000 lóṣù. Ẹ̀gbọ́n mi lọgun, wọ́n ní, "Ṣé ilẹ̀ ni wọ́n fẹ́ nù ni àbí wọ́n fẹ́ ra ilé náà?" Mo ní kí wọ́n rántí àtàǹpàkò ọmọ ọjọ́sí, wọ́n dákẹ́.

Ohun kan wà tí ẹni tí kò bá gbé àdúgbò wa kò ní ronú kàn. Ní ọjọ́ Ojúde Ọba, tí í ṣe ọjọ́ kẹta Iléyá, títì Ìjẹ̀bú-Òde kì í ṣeé gbà, òṣìṣẹ́ tó ń ti ìlú mìíràn wá kò ní rí ọ̀nà wọlé, ọjọ́ náà gan-an ni àwọn tó ṣubú lórí ọ̀kadà sì máa ń pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Nítorí náà a kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé ẹni tó ń gbé inú ìlú ni yóò ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Mo sọ fún ọmọ àbúrò ìyá mi pé kí òun náà ro ti Orò mọ́ ọn, torí pé ní àwọn ìlú kan ní Rẹ́mọ, tí Orò bá jáde, obìnrin kì í jáde, bẹ́ẹ̀ obìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Kí wọ́n ní ọkùnrin kan tó mọ iṣẹ́ náà dájú. Mo tún ní kí ó yanjú ọ̀rọ̀ àga eyín kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀: láàárín aláìsàn kan àti èkejì, ta ni yóò nu àga àti iná orí rẹ̀ tí omi ẹnu aláìsàn ń ta sí? Lójú tèmi, olùrànlọ́wọ́ dókítà ni, kì í ṣe agbálẹ̀.

Irú àìyanjú bẹ́ẹ̀ ló fẹ́ dá èdè àìyedè sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Àwọn ilé ìwòsàn ńlá ní òkè òkun ní oje kan tí ojú lásán kì í rí, tí wọ́n ń fi sára nǹkan ní ìkọ̀kọ̀, tí wọ́n sì ń fi iná pàtàkì wò lọ́jọ́ kejì bóyá ẹnikẹ́ni nu ibẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì ọmọ mi ni èmi lò. Mo fà á díẹ̀díẹ̀ sí ibi méjìlá: abẹ́ irin ibùsùn, ẹ̀yìn ọwọ́ ìlẹ̀kùn, orí súìsì, ara irin tí a ń fi kọ́ omi tí à ń fà sí aláìsàn lára. Ní ọjọ́ kejì, márùn-ún ṣì wà níbẹ̀, mẹ́ta nínú wọn sì wà lára irin tí a ń fi kọ́ omi. Mo fi han ìyá náà. Ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Mo rò pé àwọn nọ́ọ̀sì ló ni ìyẹn, Mà." Mo bi àwọn nọ́ọ̀sì, wọ́n ní àwọn rò pé agbálẹ̀ ló ni ín. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni gbogbo wa jókòó, a ka ohun gbogbo tó wà nínú yàrá kọ̀ọ̀kan, a kọ orúkọ ẹni tó ni í sí iwájú rẹ̀, a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn. Nígbà tí mo tún fi ṣọ́ọ̀kì wò ó lẹ́yìn oṣù kan, ọ̀kan ṣoṣo ló kù, lókè fèrèsé.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, aboyún kan bímọ lóru, ẹ̀jẹ̀ sì dà sílẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn. Nígbà tí mo dé ní aago méje àárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi dúró ní ẹnu ọ̀nà yàrá ìgbẹ̀bí pẹ̀lú fáìlì lọ́wọ́, wọ́n fẹ́ wọlé lọ mú ohun kan nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ìyá náà dúró sí ẹ̀gbẹ́ ibi tó rin gbindin, mọ́ọ̀pù alájàákù yẹ́lò lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ wà lára aago ògiri. Ó tẹríba díẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Dókítà, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin." Ẹ̀gbọ́n mi wò mí. Mo wo aago. Wọ́n fi ẹ̀yìn ti ògiri, wọ́n sì dúró.